Gbèsè

Ìdájí ni, Òkèsà kò tíì lajú tán.
Mo ti lóṣòó síwájú ológbò kan,
orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo,
hóró oògùn ń bẹ láàárín ìka mi méjì,
ìdajì ni, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.
Ó wò mí. Mo wò ó.
Ó pa ẹnu dé bí ilé onígbèsè.

Ogójì ọdún ni mo fi ru aṣọ àwìn láti Iléṣà lọ sókè Èkìtì.
Mo lóṣòó ní Ìkọ̀lé, mo lóṣòó ní Ọ̀mùò,
mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó gba ẹ̀yìnkùlé sá.
Òṣó ni màá ló títí owó mi yóò fi pé:
bẹ́ẹ̀ là ń wí, bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe.
Opó kan ní Ìkọ̀lé jẹ mí lówó àńkárá ọ̀pá mẹ́fà.
Kò rówó, kò sì sá.
Ó gbé ọmọ ológbò kan fún mi nínú igbá,
ó ní, “Ẹ gba èyí ná.”
Mo délé, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Ọmọ́yẹni ló sọ ọ́ ní Gbèsè.

Ọdún mẹ́tàlá. Ọmọ́yẹni ti lọ,
ó ku Gbèsè.

Lóṣù Ẹrẹ́nà ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó ń kọ ebè:
omi abọ́, omi garawa, èyí tó ń kán nídìí ẹ̀rọ.
Ìhà rẹ̀ yọ síta bí apẹ̀rẹ̀ tó gbó.
Mo gbé e há abíyá, mo gun ọ̀kadà,
ó di ọ̀dọ̀ Dókítà Fámúrewá,
ọmọdébìnrin tí mo lè ti ta aṣọ ìkómọ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.
Ó fa ẹ̀jẹ̀, ó ka ìwé, ó dákẹ́ díẹ̀.
“Kíndìnrín ni, Bàbá. Kò ní í sàn mọ́.”
Mo ní, kí ló wá kù?
Ó ní, “Díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́.”

Háà, mo mọ èdè yẹn.
Ohun tí kò ní í sàn, ẹ jẹ́ ká máa san án,
díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la,
kí olówó má baà ká wa mọ́lé.

Pánla ti dèèwọ̀. Iyọ̀ ti dèèwọ̀.
Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń gún un lábẹ́rẹ́ omi sábẹ́ awọ ẹ̀yìn,
á yọ iké bíi ràkúnmí kékeré,
á bínú sí mi di ìrọ̀lẹ́.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbálẹ̀ ìdí àga,
mo bá hóró mẹ́rin tó ti ń tutọ́ rẹ̀ síbẹ̀ níkọ̀kọ̀.
Onígbèsè ògbóǹtarìgì!

Olúwárántí ará ilé kejì yọrí lójú fèrèsé:
“Ẹ̀yin tí ẹ ò ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiyín,
ẹ wá ń ra ti músù!”
Mo fẹ́ bú u. Mo wo orí tábìlì.
Eruku ti bo páálí oògùn mi.
Láti ọjọ́ náà, a jọ ń lò ó ni,
odidi kan fún mi, ìdajì fún un,
èmi ni mo kọ́kọ́ ń gbé mì, kó lè rí i.

Lónìí ó pẹ́. Oòrùn dé ògiri kó tó la ẹnu.
Mo jù ú sí i, mo fọwọ́ pa á lọ́fun,
ó gbé e mì, gbì,
ó wá dùbúlẹ̀ lé àtẹ́lẹsẹ̀ mi.
Ẹsẹ̀ ti kú. Mi ò dìde.

Ẹnìkan lóṣòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, mo mọ̀.
Kì í kan ilẹ̀kùn, kì í pariwo.
Ẹ jẹ́ kó lóṣòó níbẹ̀ ná.
Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí,
mo mọ bó ṣe ń dun orúnkún.